Àpótí Tó Wà Lórí Itan Mi

Abọ́ tánganran ló máa ń jí mi ní ọdún yẹn. Kí Bàbá mi tó ti mọ́ṣáláṣí dé láti ìrun Àsùbá, Àǹtí Sáfú á ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa, á ti tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, á máa fi oríkèé ìka gbá abọ́ kọ̀ọ̀kan kó lè mọ èyí tó ti sán. Èyí tó dára máa ń dún pẹ́. Èyí tó ti sán á dáhùn ní kúkúrú, á sì dákẹ́. Màá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, màá dijú, màá máa ka àwọn tó sán sínú. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀ àgbàlá, obìnrin oníkókó á gbé ìkòkò kalẹ̀ lẹ́nu géètì, àwọn ọmọ ilé-kéú Bàbá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ké wàláà wọn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wẹ́dà ẹ̀yìn ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin. Moshie Zongo ni ilé wa wà ní Kumasi, ilé onígun mẹ́rin tí gbogbo yàrá rẹ̀ kọjú sí àgbàlá kan, tí Mọ̀sí, Hausa, Aṣáńtì àti àwa Yorùbá jọ ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń to abọ́ lé ara wọn lónìí, níbikíbi tí mo bá wà, inú mi á kọ́kọ́ dùn, kó tó di pé mo rántí ìyókù.

Àǹtí Sáfú ni àbúrò Bàbá mi lóbìnrin. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó gbọ́njú, kò sì fi ọmọ sílẹ̀ fún un. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, inú yàrá ìyá mi ni èmi àti òun jọ ń sùn, nítorí pé ìyá mi ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ tọ́jú ìyá tirẹ̀ tí kò lè dìde mọ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n sọ fún mi pé yóò lò. A ti ṣe Iléyá lẹ́ẹ̀mejì láìrí i. Àwọn oníṣòwò tó ń ti ilé bọ̀ a máa bá wa mú gààrí àti ìkíni wá, wọ́n á ní ó ní òun ń bọ̀, Bàbá mi á dúpẹ́, á sì padà sídìí kéú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo sì ti mọ̀ pé bí àgbà bá fi "Ṣé o ti jẹun?" dáhùn ìbéèrè ọmọdé, kí ọmọ náà má bèèrè mọ́. Àǹtí Sáfú ló ń di irun mi, òun ló ń tọ́jú mi bí ibà bá ń ṣe mí, òun ló ń pín ẹran inú wáákyé rẹ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè, sí méjì tó sì ń fún mi ní èyí tó tóbi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, tí mọ́tò bá ti dúró lẹ́nu géètì wa, n kì í lè jókòó.

Àǹtí Sáfú kò ní ìsọ̀ kankan lọ́jà. Orí ló fi ń ru abọ́ kiri, láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ń pe ìrun Alásàrì, tí ọrùn rẹ̀ á ti le bí igi. Ṣùgbọ́n bó ti ń kiri náà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nídìí ìdúnàádúrà. Obìnrin Aṣáńtì kan á fẹ́ ra abọ́ méjìlá, á bẹ̀rẹ̀ sí í bú abọ́ náà: ó fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kò dára, ti ibòmíràn dínwó jù ú lọ. Àǹtí Sáfú á gbọ́ gbogbo rẹ̀ dópin, á wá fi Twi bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ẹ ti sọ tán, ìyá mi?" Lẹ́yìn náà, á jẹ́ kí obìnrin náà gbé ọjà náà dání, òun á sì dákẹ́. Ó sọ fún mi pé ẹni tó bá ti gbé ọjà dání kì í fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́, àti pé nígbà tí olùrà àti òǹtajà bá jọ dákẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ni yóò pàdánù. Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Ọjà tó bá ti mú èrè wá, tà á. Èrè tó ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn, ti ẹlòmíràn ni." Èmi ni mo máa ń bá a to ẹrù tó bá dé. Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè fi ọwọ́ nìkan mọ̀ bóyá abọ́ inú ìdì kan pé méjìlá tàbí ó dín. Mo mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ fún Ràmá kó gbé e wò. Ọwọ́ ọmọ yìí kì í purọ́." N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti yìn mí bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà náà.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Alásàrì, Àǹtí Sáfú á gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sórí àga lójú àgbàlá, gbogbo ilé á sì pé lé e. Eré kan wà nígbà náà tí ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan ń ṣe. Àpótí méjìlá ni wọ́n máa ń tò síwájú èrò, ohun tó wà nínú wọn kò dọ́gba. Ẹni tó wá ṣeré á mú àpótí kan láìṣí i, á wá máa ṣí àwọn yòókù níkọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń ṣí wọn ni ọkùnrin tó ń darí eré, ọkùnrin kan tó máa ń wọ súùtì funfun, á máa bá a nájà pé kó ta àpótí ọwọ́ rẹ̀ fún òun: òun á fún un ní ìdì aṣọ, òun á fún un ní firísà. Tó bá tà á, ó tán. Tí kò bá tà á, ohun tó wà nínú àpótí náà ni yóò gbé lọ sílé, ìbáà jẹ́ mọ́tò, ìbáà jẹ́ kànrìnkàn. Inú máa ń bí Àǹtí Sáfú sí àwọn tó ń ṣe é. Á gbé abọ́ wáákyé rẹ̀ sílẹ̀, á máa bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀: "Wò ó, wọ́n ti fún un ní ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ń dúró dè?" Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá mi, á dáhùn láti orí ẹní rẹ̀ pé, "Ojú rẹ̀ ló ti ríran kọjá ọwọ́ rẹ̀." Nígbà tó bá ṣẹlẹ̀ bí Àǹtí Sáfú ṣe wí, tí onítọ̀hún gbé kànrìnkàn lọ sílé, kì í yọ̀ ọ́. Á kàn mi orí, á sì máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Èmi ni mo kó bébà ọṣẹ náà jọ. Wọ́n ní kí á fi bébà ogún ránṣẹ́ kí wọ́n tó lè fa orúkọ ẹni yọ. Mo ń ṣa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi níbi tí àwọn ará ilé ti ń fọṣọ, mo ń nà án gbẹ lórí òkúta, mo sì kọ Sáfúrátù, orúkọ Àǹtí Sáfú ní kíkún, sí i pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Kò gbà pé ó lè bọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é, ó rò pé oníbàárà ni, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye abọ́ kó tó yé e. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Kumasi láti wá ṣe eré náà nínú gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú, pé kó mú ẹnì kan dání tí yóò jókòó tì í.

Bàbá mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Alfa ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ kéú ti lọ, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí mò ń ṣa ẹ̀wà.

"Sáfú, tẹ́tẹ́ ni," ló wí.

"Bọ̀ọ̀dá, n kò fi nǹkan kan lé e. Ọṣẹ ni mo rà, mo sì fi fọṣọ."

"Bí o bá jókòó síwájú ohun tó fara sin, tí o ń retí kí orí gbé e fún ọ, kí lo ń pè é?"

"Ọjà ni mo ń pè é. Ẹ ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kan ń rà, ẹnì kan ń tà. N kò lọ síbẹ̀ láti lọ ṣí àpótí, Bọ̀ọ̀dá. Tó bá ti dárúkọ ohun tó lè gbé ẹrù yìí kúrò lórí mi, màá tà á, màá sì máa bọ̀ nílé."

Bàbá mi wo ọrùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n n kò ní bá ọ lọ." Bó ṣe di pé èmi ni mo bá a lọ nìyẹn.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti pè é ni mo ti ń ro mọ́tò náà. Mo ti bi awakọ̀ kan tó ń gbé nílé wa bóyá mọ́tò kékeré lè dé Nàìjíríà, ó ní ó lè dé ibẹ̀ dáadáa tí táyà rẹ̀ bá dára, pé èèyàn á kàn gba Tógò kọjá, á gba ilẹ̀ Benin. Mo ti pín ìjókòó rẹ̀ sínú ọkàn mi: awakọ̀ níwájú, Àǹtí Sáfú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi lẹ́yìn, àti nígbà tí a bá ń bọ̀, ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò ro firísà. N kò ro ọrùn ẹnikẹ́ni. Mo wà ní ọjọ́ orí tí ọmọdé ti lè ṣètò nǹkan, ṣùgbọ́n tí kò tíì mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn náà ní ètò tiwọn.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n ṣe é, ooru iná wọn sì ju ti oòrùn lọ. Wọ́n fi páúdà pa ojú Àǹtí Sáfú kó má bàa máa dán. Ọkùnrin onísúùtì funfun náà kúrú ju bó ṣe máa ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n lọ, ó sì ń làágùn. Ó kọ́kọ́ fi gbogbo ẹ̀bùn han èrò kí wọ́n tó kó wọn sínú àpótí. Ohun tó dúró fún mọ́tò jẹ́ mọ́tò kékeré onírin kan tó tó búrẹ́dì lódidi, ó sì gbá a mọ́ tábìlì kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ bó ṣe wúwo. Kànrìnkàn ló fi ṣe ìkẹyìn, ó fẹ́ ẹ látọwọ́ bí ìyẹ́, èrò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lọ sẹ́yìn aṣọ, wọ́n sì kó àpótí méjìlá jáde. Àǹtí Sáfú mú èyí tó wà ní ìkángun lápá òsì. Ó yẹ kí wọ́n gbé e lé orí àga kékeré kan níwájú rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àga náà ti yẹ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Ọkùnrin náà wò yí ká, ó gbé àpótí náà, ó sì gbé e lé mi lórí itan. Ó ní kí n ṣọ́ ọ bí ẹyin.

Ó fúyẹ́. Kí ó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó fúyẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí Àǹtí Sáfú ṣe nájà lọ́jọ́ náà, nítorí pé n kò rí i kó tún nájà bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Ọkùnrin náà pè é ní Alata Maame, bí àwọn Aṣáńtì ṣe máa ń pe àwa Yorùbá, ó ní kí ó ta àpótí náà fún òun ní ìdì aṣọ mẹ́fà. Àǹtí Sáfú bi í pé, "Ṣé ẹ ti sọ tán?" Èrò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí àpótí mìíràn, ìdì ọṣẹ ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun á fún un ní firísà. Àǹtí Sáfú ní firísà dára, ṣùgbọ́n iná tó wà nílé àwọn kì í ju ti fìtílà lọ, kí ló máa fi kún un? Wọn kò bi ọkùnrin náà ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ó rẹ́rìn-ín, Àǹtí Sáfú kò rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́. Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ lanu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, tó ń ṣí àpótí, tí ọkùnrin náà ń fi nǹkan kún nǹkan, títí ó fi ku àpótí méjì péré, èyí tó wà lórí tábìlì àti èyí tó wà lórí itan mi. Ohun méjì ló kù tí a kò tíì rí: mọ́tò àti kànrìnkàn. Ọkùnrin náà lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ níkọ̀rọ̀. Nígbà tó padà, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní àwọn á fún un ní kọ̀ǹtẹ́nà tuntun kan, irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣe ìsọ̀, àwọn á kun ún, àwọn á wá àyè fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, àwọn á sì kó ọjà àkọ́kọ́ sínú rẹ̀.

Mo rí ọwọ́ Àǹtí Sáfú tó lọ sí ọrùn rẹ̀, ó fọwọ́ kan ibi tí òṣùká máa ń wọ̀ ọ́ sí. Ọkùnrin náà bi í ní Twi pé, "Maame, wobɛtɔn?" Ṣé yóò tà á? Ó ti la ẹnu láti dáhùn. Mo mọ ìdáhùn náà. Ìgbà náà ló bojú wo àpótí tó wà lórí itan mi, ó sì wojú mi. Òǹtajà ni, kò sí bí ojú rẹ̀ ṣe lè rí ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó má wọ̀n ọ́n. Ó fi Yorùbá bi mí, ní ohùn tó rọlẹ̀, nítorí pé kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀ tó gbọ́ ọ:

"Ràmá, báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wúwo, Àǹtí."

"Ṣé ó wúwo dáadáa?"

"Ó wúwo dáadáa."

Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé ti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn. Mo rò pé bí mo bá sọ pé ó wúwo, ó lè wúwo. Mo rò pé bóyá ọwọ́ mi ló ṣi í mọ̀. Mo rò pé tó bá ti tà á, mọ́tò ti lọ nìyẹn, ìyá mi ti lọ nìyẹn. Àǹtí Sáfú mí kanlẹ̀, ó kọjú sí ọkùnrin náà, ó ní, "Daabi. N kò tà á."

Kànrìnkàn ni. Èrò gbogbo mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin náà ṣí àpótí kejì, ó gbé mọ́tò onírin náà sókè, iná sì ń dán lára rẹ̀. Àǹtí Sáfú dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó gba kànrìnkàn náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ìgbà tí wọ́n fún un ní ohun gidi. Wọ́n fi páálí ọṣẹ kan kún un. Nínú trótrò tí a wọ̀ padà sílé, ó gbé páálí náà lé ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní, "Má bínú, Ràmá. Èmi ni mo bi ọmọdé ní ohun tí kò yẹ kí n bi í. Ẹ̀rù ń bà ọ́. Tí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn, gbogbo nǹkan ló máa ń wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ojúkòkòrò ló bò mí lójú." Gbogbo ohun tó kù fún mi láti ṣe kò ju kí n la ẹnu lọ. Ojú fèrèsé ni mo ń wò.

Ìyá Àgbà máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Kò sọ fún wa ohun tó máa ń bàjẹ́ láàárín ogún ọdún náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá mi ṣe wáàsí lórí ojúkòkòrò. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn aṣọ tí àwọn obìnrin máa ń jókòó sí ni Àǹtí Sáfú wà, ó ń sọ "Àmín" sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé eré náà jáde, ó gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sójú àgbàlá bó ṣe máa ń ṣe, ó sì bá gbogbo ilé wò ó dópin. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Maame Sapɔ lọ́jà, Ìyá Oníkànrìnkàn. Ó ń dá wọn lóhùn. Kì í ṣe orúkọ náà ló ṣe é ní jàǹbá. Ohun tó ṣe é ní jàǹbá ni pé kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Oníbàárà á dárúkọ iye tí kò tó nǹkan, màá dúró kí n gbọ́ ọ kó ní, "Ṣé ẹ ti sọ tán?", ṣùgbọ́n á kàn ní, "Ó dáa, ẹ máa mú un lọ." Ẹ̀rù ń bà á kó má bàa dúró de ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, abọ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rí ohun tí yóò fi ra òmíràn. Ó lọ ń bá obìnrin mìíràn tajà nínú kọ̀ǹtẹ́nà obìnrin náà.

Ọkùnrin ará Ìlọrin kan wà ní Fante New Town, télọ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó fẹ́ fi Àǹtí Sáfú ṣaya, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Mo wà nílé lọ́jọ́ tí Àǹtí Sáfú lọ bá Bàbá mi, tó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wò ó. Ojú tèmi kò mọ ìwọ̀n mọ́." Bàbá mi ní kó ṣe sùúrù díẹ̀. Ó ṣe sùúrù. Ọkùnrin náà fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tó yá, Àǹtí Sáfú sì bá wọn se oúnjẹ ìgbéyàwó náà.

Ìyá mi dé nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ìyá tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ló wọ̀ dé, ó sì gbé àpò gààrí méjì dání. Kò sí mọ́tò kankan tó lọ gbé e. Nígbà tó na ọwọ́ sí mi, ẹ̀yìn Àǹtí Sáfú ni mo sá sí, tí mo di aṣọ rẹ̀ mú, òun ló sì rọra tú ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀ tó tì mí síwájú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Àǹtí Sáfú kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú yàrá náà, ó sì lọ háyà yàrá kan sí Fante New Town.

Èmi náà ti di ìyá ọmọ mẹ́ta báyìí. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní àìmọye ìgbà, mo bá a fọ ilé, mo ra oògùn fún un, mo fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ mi obìnrin. Mo ń ṣe gbogbo rẹ̀ dípò gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, màá ní òní ni, tó bá sì di àsìkò àtilọ, màá ní kò yẹ kí n da ọkàn àgbàlagbà rú. Àánú rẹ̀ ni mo pe ìyẹn. Láìpẹ́ yìí, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀ méjèèjì ní ilé ìwòsàn ní Bantama, wọ́n sì fi bàǹdéèjì dì í. Èmi ni mo lọ jókòó tì í. Mò ń fún un ní kókó ní ṣíbí ṣíbí, ó ń bi mí léèrè àwọn ọmọ, ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọ́. N kò ní parọ́ fún yín: nítorí pé kò lè rí ojú mi ni mo ṣe lè sọ ọ́.

Mo ní, "Àǹtí, àpótí ọjọ́ yẹn fúyẹ́. Mo mọ̀ pé ó fúyẹ́."

Ó pa ẹnu dé mọ́ ṣíbí náà.

"Kí ló dé tí o fi ní ó wúwo?"

"Mọ́tò ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí á fi lọ gbé ìyá mi."

Ó ń fi ọwọ́ wá etí bẹ́ẹ̀dì, ó rí i, ó dì í mú. "Nítorí ìyá rẹ," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tó bá jẹ́ pé o sọ fún mi pé ìyá rẹ lo fẹ́, Ràmá, ǹ bá ta àpótí yẹn lójú ẹsẹ̀, ǹ bá sì fi èrè oṣù àkọ́kọ́ mú ọ lọ bá a ní Ògbómọ̀ṣọ́." Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "N kò mọ̀. Gbogbo ìrun tí mo kí láti ọjọ́ yẹn, mo ń tọrọ àforíjì ojúkòkòrò níbẹ̀. Mo jẹ́ kí ọkùnrin télọ̀ yẹn lọ nítorí rẹ̀. Ìwọ lo wá sọ fún mi lónìí pé n kò ṣe ojúkòkòrò." Ó ní kí n gbé kókó náà sílẹ̀, kí n máa lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò lè lọ síbẹ̀, ọmọ mi ló ń gbé oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní kí wọ́n pè mí. Wọ́n ti tú bàǹdéèjì náà, ojú rẹ̀ pọ́n, omi sì ń dà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ríran. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tí mo ti há sórí. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dárí jì mí, pé ọmọdé ni mí nígbà náà, n kò mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ rí i bí mo ṣe dàgbà tó.

Ó ní, "Mo ti dárí ji ọmọdé náà. Ibi tó ti purọ́ náà ni mo ti dárí jì í, kí n tó mọ̀ pé ó purọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kúnlẹ̀ síwájú mi yìí. Ìwọ tó o ti dàgbà tán, tó o bímọ, tó ò ń wá sílé mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìwọ ni n kò tíì mọ ohun tí màá bá sọ." Ó wá sún díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì fi ọwọ́ hàn mí ibi tí màá jókòó sí.